Òde parí, kí ló kù? Ohun tó ń gbé olórin tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé ró

Ní Tápà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kò sí ìnáwó tó ní láárí tí a kì í pe olórin sí. Bó jẹ́ òkú àgbà ni, bó jẹ́ ìgbéyàwó ni, bó jẹ́ ìwúyè tàbí ilé ṣíṣí ni, bí ẹbí bá ti mú ọjọ́ tán, ohun tí wọn yóò bèèrè tẹ̀ lé e ni pé ta ni yóò kọrin. Olórin náà yóò dé, yóò ki baálé ilé, yóò ki ìdílé ìyàwó, yóò fi ewì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn lójú agbo mú kí omi bọ́ lójú àwọn àgbà. Ilẹ̀ á mọ́, wọn á tú àtíbàbà, onílù á gbé ìlù rẹ̀ kọ́ èjìká. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ iyebíye tó sọ mọ́jú, ohun tó kù kò ju ìwọ̀nba tí fóònù ẹni mélòó kan gbà sílẹ̀ lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ti bo ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Níbi gbogbo láyé, bí a bá gbọ́ ìròyìn nípa olórin tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, nǹkan méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: òde tó ń lọ láìpẹ́, àti iṣẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, ìbáà jẹ́ àwo, ìbáà jẹ́ ìwé. Ẹni tó bá kà á lè pè é ní ìpolówó lásán. Àmọ́ inú nǹkan méjì yẹn ni oúnjẹ òòjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, inú rẹ̀ náà ni ìrántí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la wà. Àwọn olórin wa ní Ìbàràpá ní èkíní dáadáa. Òde ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Èkejì ni ọ̀pọ̀ wọn kò ní. Àlàyé yìí sọ bí owó òde ṣe ń rìn, ohun tí àwo àti ìwé ń ṣe tí òde kò lè ṣe, àti ibi tí òfin Nàìjíríà dúró sí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ta ló ti ṣe é rí?

Kí ẹnì kan ṣoṣo máa kọrin kó sì tún máa ṣe ìwé kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní Abẹ́òkúta, ìlú tí ọ̀nà Ìbàràpá já sí, J. Ṣ. Ṣówándé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sóbò Aróbíodu ń ṣe àròfọ̀ ní ìlànà orin ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì ń tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé pélébé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nítorí ìwé pélébé wọ̀nyẹn ni àwa tí a kò bá a láyé fi mọ ohun tó ń jẹ àwọn ará ìgbà rẹ̀ lọ́kàn.

Lọ́dún 1922, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan láti Abẹ́òkúta kan náà, Josiah Jesse Ransome-Kuti, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọrin ẹ̀mí lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Orin 43 ni wọ́n gbà sílẹ̀. Bàbá náà kú lọ́dún 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń bẹ títí di òní. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí òun náà kò dúró lórí orin nìkan: láàrin àwọn ọdún 1970 sí 1979, ó ń sanwó fún ààyè nínú ìwé ìròyìn kó lè máa kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí òun àti rédíò WNBS jọ wà lábẹ́ òrùlé kan, àwọn akéwì rí agbo mìíràn tó fẹ̀ ju ojúde baálé lọ. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun náà ló kọ ìwé ìtàn Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tó jáde lọ́dún 1969. Lánrewájú Adépọ̀jù fi rédíò di ẹni tí a mọ̀ kárí ilé, ó tẹ àkójọ ewì rẹ̀, Ìrònú Akéwì, jáde lọ́dún 1972, ó sì kó ewì sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù lọ jàn-ánrẹrẹ. Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, tí a ń pè ní Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́, kọ ìwé ewì Àròyé Akéwì, ó ké ewì sórí afẹ́fẹ́, ó sì tún dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀.

Láyé ìsinsìnyí, Ṣẹ́gun Akinlolú, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Beautiful Nubia, ń tọ ọ̀nà kan náà. Dókítà ẹranko ni nípa ẹ̀kọ́, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn ni, ó sì ti gbé ní Kánádà fún ọdún púpọ̀. Òun àti ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, Roots Renaissance Band, ló gbé àwo Jángbálájúgbú jáde lọ́dún 2002. Ó ní àkójọ ewì tó tẹ̀ jáde ní ìwé. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìròyìn rẹ̀ yóò rí àwọn nǹkan méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: ibi tí yóò ti ṣeré, àti ohun tuntun tó fẹ́ gbé jáde. Ayé pàápàá ti gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ní 2016, olórin ni àwọn tó ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn Nobel gbé e fún, ìyẹn Bob Dylan ará Amẹ́ríkà.

Báwo ni owó òde ṣe ń rìn?

Ìjíròrò ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Onínàáwó tàbí aṣojú rẹ̀ yóò pe olórin, wọn yóò sọ ọjọ́, wọn yóò dúnàádúrà, olórin yóò gba àsansílẹ̀. Nínú owó yẹn ni yóò ti mú owó ọkọ̀, owó onílù, owó àwọn elégbè, àti owó ẹni tó ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí onínàáwó kò bá pèsè rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pín in tán, ohun tó máa ń kù fún olórin fúnra rẹ̀ kì í tó nǹkan. Lójú agbo ló ti ń retí èrè, níbi tí àwọn tó kì dáadáa yóò ti dìde náwó fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti yí padà. Abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n owó náírà ká lójú agbo, jíjó lé e lórí àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀, ni ìjìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka òfin náà kún títí di oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ tí a mọ̀ sí Bobrisky lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀sùn yìí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó ń náwó. Àwọn mìíràn ń fi owó sínú àpòòwé fún olórin, àwọn mìíràn ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Èyí dára fún iyì owó wa, ó sì bófin mu, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tú owó jáde nítorí pé orí rẹ̀ wú lójú agbo máa ń lawọ́ ju ọwọ́ tó ń tẹ fóònù lọ. Olórin tó bá gbé ara lé ìnáwó ojú agbo nìkan gbọ́dọ̀ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe: kí iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí kó tó o, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Kí wá ni ìdí tí olórin fi ń kéde òde tó ń bọ̀? Ìdí ni pé òde ló ń bí òde. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Tápà lónìí ló máa pè é sí Ayétẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ará Ayétẹ̀ tó wá síbẹ̀ ló máa mú orúkọ rẹ̀ dé Èrúwà. Bí a bá ti mọ ibi tí yóò wà tẹ́lẹ̀, àwọn tí kò rí owó pè é lè wá gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, nínú wọn sì ni onínàáwó ọ̀la wà. Igbó-Ọrà ń kọ́ wa ní ohun kan náà. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì ńlá níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tí àwọn àlejò láti òkè òkun náà sì ń wá. Àlejò tí orin wọ̀ létí lọ́jọ́ náà kò ní lè pe olórin sí ìgbéyàwó lọ́la, nítorí ọ̀nà jìn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ra ohun tó lè gbé lọ sílé. Bí olórin kò bá ní àwo, tí kò ní ìwé, àlejò náà yóò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, yóò sì wọkọ̀ lọ.

Kí ni àwo ṣe fún ewì?

Àwọn àwo ìgbà láéláé, irú èyí tí Ransome-Kuti kọrin sí, kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Ẹni tó mọ ìjálá tàbí ẹ̀sà mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tó láti júbà tán. Nígbà tí àwo ńlá dé, tó lè gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojú kan, ààyè gba akéwì láti júbà, láti ki ẹni tó fẹ́ kì, láti gbé kókó ọ̀rọ̀ kalẹ̀, kí elégbè gbà á, kó sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ojú kan tó parí. Ilé-iṣẹ́ àwo tí Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lo ààyè yìí dáadáa. Ibẹ̀ ni ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti di ohun tí ẹni tí kì í ṣe ọdẹ lè rà lọ́jà kó sì gbọ́ nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Lójú agbo, bí akéwì bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀rín á bò ó mọ́lẹ̀, ìlù á gbé e kọjá. Nínú àwo, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa hàn, ẹnì kan náà sì lè gbọ́ ọ nígbà ogún. Nítorí náà, akéwì tó fẹ́ ṣe àwo ní láti jókòó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó ka ìlà rẹ̀, kó gé èyí tó gùn jù, kó mọ ibi tí yóò ti mí. Àwo ló sọ ọ̀pọ̀ olórin di òǹkọ̀wé láìmọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì dé lẹ́yìn náà, ó mú orin dé inú ọkọ̀ akérò àti oko, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dà kọ. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ láìgbàṣẹ ló jẹ èrè ibẹ̀ jù. Báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjà wà. Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù ní Tápà lè gbé orin rẹ̀ síbẹ̀ nípasẹ̀ àwọn alágbàtà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí olórin mọ òfin ọjà náà kó tó wọ̀ ọ́: láti ọdún 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàrin oṣù 12 kì í mú owó kankan wọlé lórí Spotify. Orin tí a fi ki ìdílé kan ṣoṣo lè má dé ibẹ̀ láéláé. A kò lè fi í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n a lè fi í ṣe àdírẹ́sì: ibi tí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ yóò ti rí ọ, tí yóò fi mọ̀ pé ìwọ lo ni ohùn yìí.

Túnjí Oyèlànà fi hàn wá bí àwo ṣe lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Òṣèré ni, akọrin ni, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Benders, ló sì kọ orin inú àwo Unlimited Liability Company, tí Wọlé Ṣóyínká kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1983. Lẹ́yìn tó ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Soundway tó wà níbẹ̀ ṣa àwọn orin tó ti kọ láàrin 1966 sí 1979 jọ, wọ́n sì tún gbé wọn jáde lọ́dún 2012. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó tún jáde, tí àwọn ọmọ tí kò tíì dáyé nígbà náà sì rí wọn gbọ́. Ohun méjì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: ohùn wà nílẹ̀ nínú àwo, a sì mọ ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ pé ojú agbo nìkan ló ti kọ wọ́n, kò sí ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ì bá rí ṣà.

Kí ni ìwé ń ṣe tí àwo kò ṣe?

Dúró Ládiípọ̀ ni kí a bi. Ní Òṣogbo, ó gbé ìlù dùndún wọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn àgbà ìjọ kan kò fẹ́ ẹ; ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé àṣà Mbari Mbayo, tí wọ́n ṣí ní ìlú náà lọ́dún 1962. Níbẹ̀ ló ti ṣe eré Ọba Mọ̀rò, àti Ọba Kò So ní 1963, àti Ọba Wàjà ní 1964. Orin ni, ewì ni, eré ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó. Ọba Kò So dé Berlin lọ́dún 1964, ó dé Bìrìtéènì lọ́dún 1965 fún àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1975. Òde tí kò láfiwé ni wọ́n. Ará Tápà pàápàá ní ìpín nínú ìtàn náà, nítorí a gbà pé ọmọ Ẹlẹ́mpe, ọba Tápà ilẹ̀ Núpé, ni ìyá Ṣàngó, Ẹlẹ́mpe náà sì ni oyè ọba Tápà ti Ìbàràpá títí dòní.

Dúró Ládiípọ̀ kú ní oṣù kẹta ọdún 1978. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, tó ń ṣe Ọya, gbé ẹgbẹ́ náà ró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tó gbé iṣẹ́ náà ró: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí nípa Áfíríkà, jókòó ti eré náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ tàmì tàmì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Nítorí ìwé yẹn, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí Dúró Ládiípọ̀ rí lè kọ́ ọ sórí, kó ṣe é lórí ìtàgé, kó wo ibi tí oríkì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí orin ti gbà á. Àwo ń pa ohùn mọ́; ìwé ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ náà ṣe. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Kí ni òfin sọ?

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni ẹ̀tọ́ tí ẹni tó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní láti sọ ẹni tó lè dà á kọ, tó lè tà á, tó lè ṣe é ní gbangba tàbí lórí rédíò. Nǹkan márùn-ún ló yẹ kí olórin wa fi sọ́kàn nínú rẹ̀.

Èkíní, òfin ń béèrè pé kí iṣẹ́ náà jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀, kó sì wà nínú ohun tí a lè dì mú tàbí tí a lè tún gbọ́: ìwé, àwo, fóònù, kọ̀ǹpútà. Ewì tó jáde lẹ́nu lójú agbo, tí kò sí níbì kankan mọ́, kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ tí olórin lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Bí ẹlòmíràn bá gbé e sínú àwo tirẹ̀ lọ́la, kí ni yóò fi jẹ́rìí? Ọ̀ràn gbogbo òde wa wà níbí.

Èkejì, bí iṣẹ́ bá ti wà nínú ohun tí a lè dì mú, ẹ̀tọ́ náà ti dé fúnra rẹ̀. Kò dìgbà tí a bá forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ ń gba orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wúlò gan-an bí àríyànjiyàn bá dé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ àti orin ń wà títí ẹni náà yóò fi kú, yóò sì tún wà fún àwọn àrólé rẹ̀ fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tó kú. Lánrewájú Adépọ̀jù kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Ó túmọ̀ sí pé ewì rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó jogún rẹ̀ títí di òpin ọdún 2093. Ti Dúró Ládiípọ̀ yóò parí ní òpin ọdún 2048. Ti Ransome-Kuti ti parí. Ẹnikẹ́ni lè kọ orin rẹ̀ lónìí. Ẹ̀tọ́ tó wà lórí àwo yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ọ̀rọ̀ àti orin. Ọdún 50 ni tirẹ̀. Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn ní àwo.

Ẹ̀kẹrin, a kò lè fẹnu lásán gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn. Ìwé ni wọ́n fi ń ṣe é. Owó tí alágbàtà kó sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn kò gba ewì rẹ lọ́wọ́ rẹ, àyàfi bí o bá fọwọ́ síwèé. Nítorí náà, ka ohun tí o fẹ́ fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé ọ ni wọ́n fi kọ ọ́, pe ọmọ tó gbọ́ ọ kó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Ẹ̀karùn-ún kan gbogbo ìlú. Òfin náà dáàbò bo oríkì, orin ìbílẹ̀, àlọ́ àti ijó àwọn baba ńlá wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò ju bí a ṣe ń lò wọ́n nílé lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀tọ́ àdàkọ. Bó bá tẹ̀ wọ́n jáde, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ àdúgbò tàbí àwọn ènìyàn tí ó ti rí wọn. Bí oríkì Tápà bá wà nínú ìwé kan, orúkọ Tápà yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ wà tó ń gba owó fún àwọn tó ni iṣẹ́. MCSN ni àjọ ẹ̀tọ́ àdàkọ fún láṣẹ lọ́dún 2017 láti máa gba owó orin lọ́wọ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ilé ìtura àti ibi ìgbafẹ́. REPRONIG ń ṣe irú rẹ̀ fún ìwé tí àwọn ènìyàn ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Olórin tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé lè wà nínú irú ẹgbẹ́ méjèèjì, bó bá ti wádìí pé àṣẹ àjọ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò lè gba owó fún orin tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí kò sí níbì kankan.

Kí ni olórin Ìbàràpá lè ṣe láti òní lọ?

Kò pọ̀, kò sì wọ́n. Kó ra ìwé kan tí kì í ṣe fún ohun mìíràn. Bó bá ti òde dé, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kó jókòó kọ ohun tó ṣe tuntun lálẹ́ àná sílẹ̀: ọjọ́, ìlú, ẹni tó pè é, ìlà ewì náà, ẹni tó bá a dá orin náà sílẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, kó sọ ọ́ sínú fóònù níbi tí kò sí ariwo, kí ọmọ fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, nítorí ewì Yorùbá tí kò ní àmì ohùn á sọ òǹkàwé nù sọ́nà. Kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tó fọkàn tán, kí ẹ̀rọ má bàa bà jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sì lọ. Bó bá tó ogún tàbí ọgbọ̀n ewì, ìwé pélébé ti dé nìyẹn. Irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ ni Sóbò fi bẹ̀rẹ̀.

Kó máa kéde òde tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí yóò ti ṣe é, kó sì máa sọ níbẹ̀ ohun tí yóò gbé dání fún títà. Kí òun àti onílù kọ ìpín wọn sílẹ̀. Òfin fún òun àti onílù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá kí a gba eré wọn sílẹ̀ tàbí kí a máà gbà á. Nítorí náà, kí oníkámẹ́rà mọ̀ pé òun ní láti bi wọ́n kó tó gbé e sórí ayélujára.

Ojúṣe onínàáwó náà ń bẹ. Ẹni tó lè san owó màlúù, owó àtíbàbà àti owó aṣọ ẹbí, tó sì fi owó tó ju ìyẹn lọ ṣe ọtí, lè fi díẹ̀ kún owó olórin kó lè gba ohùn náà sílẹ̀ dáadáa kí ó sì fún ẹbí ní ẹ̀dà. Oríkì ìdílé rẹ̀ ni. Bí olórin náà bá kú lọ́la, àwọn ọmọ onínàáwó kò ní rí ẹni tí yóò ki bàbá wọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa náà lè ṣe tiwọn. Ọmọ tó ń kọ́ èdè Yorùbá ní Tápà, ní Igbó-Ọrà tàbí ní Lánlátẹ̀ ń ka ewì àwọn ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n akéwì ń bẹ ní àdúgbò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí olùkọ́ pe akéwì náà wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan, kí ó kéwì, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á padà fún un kó tún un ṣe, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè.

Àwọn tí a ń dárúkọ títí dòní, láti Sóbò dé Adépọ̀jù, kò ní ẹ̀bùn ju àwọn tó ń kọrin lábẹ́ àtíbàbà wa lọ. Ohun tí wọ́n fi jù wọ́n lọ ni pé iṣẹ́ wọn wà nílẹ̀ fún wa láti gbọ́ àti láti kà. Èyí kò kọjá agbára Ìbàràpá. Òde tó kàn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.